Bí Oògùn Ojú Bá Ń Ta Yín Lọ́wọ́, Ẹ Béèrè Kí Ẹ Tó Dá A Dúró

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí á sọ̀rọ̀ ojú lọ́sẹ̀ yìí, àti ọ̀rọ̀ oògùn kan tí àwọn dókítà ojú ń fún àwọn ènìyàn wa, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì máa ń jù sí ẹ̀yìn àpótí kí ó tó di ọjọ́ karùn-ún.

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè wọlé tọ̀ mí wá ní dìsípẹ́ńsárì wa. Kò jókòó. Ó gbé páálí oògùn kalẹ̀ lórí tábìlì mi, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ gba oògùn yín. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, kò sí ibi kan tó ń dùn mí. Láti ìgbà tí mo ti ń lò ó, ọwọ́ ń ta mí, ẹnu mi kò tọ́ nǹkan wò dáadáa mọ́, gbogbo òru ni mo fi ń dìde tọ̀. Oògùn yìí ni yóò pa mí, kì í ṣe ojú."

Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ jókòó ná." Ó jókòó, a sì jọ sọ̀rọ̀ fún bíi ààbọ̀ wákàtí. Ohun tí mo sọ fún un ni mo fẹ́ sọ fún gbogbo yín, nítorí pé bí ẹ kò bá tíì lo oògùn náà, ó lè jẹ́ pé bàbá yín tàbí ìyá yín ń lò ó nínú ilé yín báyìí.

OMI TÓ WÀ NÍNÚ OJÚ

Omi kan wà nínú ẹyinjú tí kì í ṣe omijé. Ìta ojú ni omijé ń ṣàn sí. Omi tí mò ń wí yìí wà nínú lọ́hùn-ún. Òun ni ó ń bọ́ ẹyinjú láti inú, òun náà ni kì í jẹ́ kí ó rọ̀ bí bọ́ọ̀lù tí afẹ́fẹ́ ti jò lára rẹ̀. Ojú ń pèsè omi yìí tọ̀sán-tòru, ó sì ní ọ̀nà tóóró kan tí omi náà ń gbà jáde.

Ẹ fi wé ẹ̀rọ omi àti gọ́tà inú àgbàlá. Bí ẹ̀rọ bá ń da omi, tí gọ́tà sì ń gbé e lọ, kò sí wàhálà. Bí pàǹtí bá dí gọ́tà, tí ẹnikẹ́ni kò sì ti ẹ̀rọ, omi yóò kún àgbàlá. Ṣùgbọ́n ẹyinjú kò ní àgbàlá tí omi lè kún sí. Ńṣe ni omi náà yóò máa fúnpọ̀, tí yóò máa ti ẹyinjú láti inú, tí yóò sì máa pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ díẹ̀díẹ̀. Àìsàn yìí ni àwọn dókítà ń pè ní glaucoma.

Ẹ̀rọ wà tí a fi ń wọn ìfúnpọ̀ omi náà. Láàárín 10 sí 21 ni ti ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wà. Ó lè gùn dé 30 kí ẹni tó ni ojú má mọ nǹkan kan. Àwọn mìíràn sì wà tí tiwọn kò kọjá 21, síbẹ̀ tí iṣan ojú wọn ń kú. Ìdí rẹ̀ nìyí tí dókítà kì í fi wíwọ̀n nìkan tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn, tí ó fi ń yẹ iṣan náà wò pẹ̀lú.

Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, àìsàn yìí kì í dunni, kì í sì í mú ojú pọ́n. Ẹ̀gbẹ́ ni ìríran ti ń kọ́kọ́ lọ kí ó tó kan àárín. Ẹni náà ń ka ìwé ìròyìn, ó ń ka owó, ó ń mọ ojú ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń kọlu ilẹ̀kùn, kò sì rí ọ̀kadà tó ń bọ̀ láti apá òsì. Yóò ní ọlọ́kadà ni kò fọn fèrè.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú 100 ènìyàn tó ti pé 40 ọdún sókè, bíi 5 ni ó ní glaucoma, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni kò sì mọ̀. Bí a bá yọ ohun funfun tó máa ń yọ nínú ọmọlójú àwọn àgbà kúrò, glaucoma ni ó fọ́ ojú àwọn ènìyàn jù lọ nínú ìwádìí náà. Ìyàtọ̀ ńlá sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Ohun funfun nì, iṣẹ́ abẹ lè mú un kúrò kí ojú tún ríran. Ṣùgbọ́n ìríran tí glaucoma bá gbà lọ, kò sí dókítà ní Ìbàdàn tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù tó lè gbà á padà. Èyí tó kù ni a lè dáàbò bò.

IṢẸ́ TÍ OÒGÙN NÁÀ Ń ṢE

Acetazolamide ni orúkọ oògùn tí ìyá aláṣọ òkè gbé wá. Diamox ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Kì í ṣe oògùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ọdún 1954 ni dókítà ojú kan ní Amẹ́ríkà, Bernard Becker, kọ̀wé láti fi hàn pé ó ń dín ìfúnpọ̀ omi inú ojú kù. Hóró tó wọ́pọ̀ jẹ́ 250 mílígíráàmù.

Kò tún gọ́tà ṣe. Ẹ̀rọ omi ni ó ń tì díẹ̀, kí omi tí ojú ń pèsè lè dín kù. Bí a bá gbé hóró kan mì, kì í pẹ́ púpọ̀ kí iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, agbára rẹ̀ á lọ, ẹ̀rọ á sì tún ṣí. Ìdí nìyí tí dókítà fi máa ń pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ẹni tó bá gbàgbé ti àárọ̀ àti ti ọ̀sán, tí ó wá kó gbogbo rẹ̀ mì pọ̀ lálẹ́, ó ti fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ láìsí ààbò ní gbogbo ọ̀sán, ó sì ti fi ìyà jẹ ara rẹ̀ lóru.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní glaucoma ni yóò lo hóró yìí. Oògùn tí a ń kán sí ojú ni ó máa ń ṣáájú. Iná laser wà, iṣẹ́ abẹ náà wà. Ṣùgbọ́n bí ìfúnpọ̀ bá ga jù, tàbí bí ó bá dé lójijì pẹ̀lú ojú ríro, ẹ̀fọ́rí àti èébì, tàbí bí a bá ń dúró de ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, oògùn yìí ni dókítà sábà máa ń nawọ́ sí. Ẹni tí wọ́n bá fún, ẹ jẹ́ kó yé e pé ọ̀ràn tirẹ̀ kì í ṣe kékeré.

OHUN TÍ ÀWỌN TÓ Ń LÒ Ó SỌ FÚN MI

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àìsàn náà kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n oògùn rẹ̀ ń pariwo. Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn aláìsàn, n kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ohun àkọ́kọ́ ni ọwọ́ títa. Ìyá aláṣọ òkè ní ó dà bí ìgbà tí èèrà ń rìn lábẹ́ awọ òun, ní orí ìka ọwọ́, ní ọmọ ìka ẹsẹ̀, àti yí ètè ká. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń lo oògùn yìí ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń wá, ó ń lọ. Kì í ṣe àmì pé ẹ̀jẹ̀ kò rìn mọ́, kì í sì í ṣe pé ẹnikẹ́ni fi nǹkan sí yín lára. Ní ti àwọn mìíràn, ara máa ń mọ́ ọn lára. Bí dókítà bá sì dín ìwọ̀n oògùn kù, títa náà máa ń dín kù. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé apá kan ara ni ó rọ lójijì, tàbí tí ẹnu wọ́, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oògùn ojú o. Ẹ gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Ohun kejì ni ìtọ̀. Awakọ̀ kan tó ń ná Ìbàdàn sí Èkó wá bá mi, ó ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dúró kí n tó dé Ṣágámù, àwọn èrò ti ń bú mi." Mo bi í léèrè ohun tó wá ń ṣe sí i. Ó ní ní ọjọ́ tí òun bá ti ń lọ sójú títì, òun kì í lo ti àárọ̀, òun kì í sì í mu omi rárá títí di alẹ́. Àṣìṣe méjì nìyẹn. Bí kò bá lo ti àárọ̀, ojú rẹ̀ wà nínú ewu nígbà tí ó di ẹ̀mí ènìyàn mú lọ́wọ́. Bí kò bá mu omi, oògùn yìí lè mú kí òkúta kéékèèké gbára jọ nínú kíndìnrín, ìrora rẹ̀ sì pọ̀ ju dídúró lẹ́ẹ̀mẹta lójú ọ̀nà lọ. Mo ní kí ó padà lọ sọ fún dókítà. Dókítà tún àkókò oògùn náà tò, kí ó lè tètè lo ti àárọ̀ kí ó tó kúrò nílé. Ó ṣì ń dúró lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n kì í ju ẹ̀ẹ̀kan lọ mọ́.

Ohun kẹta a máa pa mí lẹ́rìn-ín. Olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì fẹ́ràn ìgò bíà kan ní alẹ́ Sátidé. Láti ìgbà tí ó ti ń lo hóró yìí, bíà rẹ̀ kò dùn mọ́. Ó dà bí omi tí wọ́n fi irin rò. Ó bá obìnrin tó ń ta ọtí jà, ó ní ayédèrú ni ó ń tà fún òun. Bí ó ti rí nìyí: ohun tí oògùn náà ń dí lọ́wọ́ nínú ojú, irú rẹ̀ wà lórí ahọ́n pẹ̀lú, òun ni a fi ń mọ̀ pé ọtí ń ta ahọ́n. Bíà tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, bákan náà ni yóò ṣe rí lẹ́nu. Kò sí ewu níbẹ̀. Bàbá olùkọ́ lọ bẹ obìnrin náà, wọ́n sì ti parí rẹ̀.

Ohun kẹrin kò mú ẹ̀rín wá. Ìyá alákàrà kan ń lo oògùn yìí, kò sì ráhùn sí ẹnikẹ́ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó kíyè sí i pé ìyá òun kì í fẹ́ jẹun mọ́, ó ti rù, kì í sì í bá àwọn oníbàárà ṣàwàdà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó tòògbé níwájú epo gbígbóná. Ọmọ náà mú un wá. Nígbà tí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó rí i pé èròjà tí wọ́n ń pè ní potassium ti dín kù lára rẹ̀, wọ́n sì yí ìwọ̀n oògùn náà padà. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa wo ìyá yín. Rírẹ̀, àìfẹ́ oúnjẹ, inú rírun, ìbànújẹ́ tí kò nídìí, gbogbo rẹ̀ lè ti ara oògùn yìí wá, àwọn àgbà sì máa ń rò pé ọjọ́ ogbó ni. Ẹ̀yin ọkùnrin náà, bí ìfẹ́ yàrá bá dín kù láti ìgbà tí ẹ ti ń lò ó, ẹ má ṣe tìtorí ìtìjú dákẹ́, kí ẹ sì wá jù ú nù ní bòókẹ́lẹ́. A ti gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Ẹni tí mo fẹ́ fi kún wọn kò ní glaucoma rárá. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń dirun ni. Ẹ̀fọ́rí ń dà á láàmú lójoojúmọ́, etí rẹ̀ ń dún gẹ́gẹ́ bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù, bí ó bá sì bẹ̀rẹ̀ tí ó tún nàró, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Àwọn kan ní ibà ni, àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Omi tó yí ọpọlọ ká ni ó fúnpọ̀ jù, tí ó sì ń ti iṣan ojú rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n sanra ni ó máa ń ṣe jù. Hóró kan náà yìí ni wọ́n fún un, wọ́n sì ní kí ó dín oúnjẹ àti iyọ̀ kù kí ó lè fọn díẹ̀. Ní ọdún 2014, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ènìyàn 165 tó ní irú àìsàn náà tí ojú wọn kò tíì bàjẹ́ púpọ̀: ìríran àwọn tó lo oògùn yìí pẹ̀lú ìṣọ́ra oúnjẹ sàn díẹ̀ ju ti àwọn tó ṣọ́ oúnjẹ nìkan lọ. Ọwọ́ ọmọ náà ta á gan-an, ó sì wà níbi tí ó ti ń fi ìka ṣe iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ ṣáájú pé yóò ta á. Kò dá a dúró.

Ọ̀rọ̀ "ó ti mọ̀ ṣáájú" yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ tẹ̀ lé e.

ẸNI TÍ N KÒ SỌ FÚN

Ní ọdún 2014 kan náà, mo ń ṣiṣẹ́ ní dìsípẹ́ńsárì mìíràn. Bàbá kan wá, ó ti lé ní 60 ọdún, télọ̀ ni, agbádá ni ó ń rán. Ojú òsì rẹ̀ ti lọ kí ó tó mọ̀ pé òun ní glaucoma. Ti ọ̀tún ni ó kù, ìfúnpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 34. Dókítà kọ oògùn yìí fún un kí ó máa lò ó títí di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni.

Èmi ni mo ka hóró náà fún un. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n tò dé ẹnu ọ̀nà. Mo ní, "Bàbá, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan lálẹ́." Ó ní, "Ó ṣeun, ọmọ mi." Mo pe ẹni tó kàn. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, ìka ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, abẹ́rẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fún ẹni tó ń fi ìka jẹun, ọ̀ràn ńlá nìyẹn. Àwọn ará ilé ní ọ̀tá ni ó fi nǹkan sí i lọ́wọ́. Wọ́n mú un kúrò ní Ìbàdàn lọ sí abúlé láti tọ́jú ọwọ́. Ó dá oògùn náà dúró, títa náà sì lọ, wọ́n sì gbà pé ìtọ́jú abúlé ni ó ṣiṣẹ́. Ojú kò dùn ún. Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ kọjá.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni ọmọ ọmọ rẹ̀ fa ọwọ́ rẹ̀ wọlé. Ohun tó kù fún un ní ojú ọ̀tún dà bí ìgbà tí ènìyàn ń yọjú láti inú ọ̀pá oparun. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, èyí tó kù náà kò lọ, ṣùgbọ́n kò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà títí tí ó fi dolóògbé.

Kò bínú sí mi. Ohun tó sọ ni pé, "Ọmọ mi, bí ẹ bá ti sọ fún mi pé yóò ta mí lọ́wọ́, ǹ bá fara dà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò pẹ́."

Ìwé tí mo kà ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti kọ́ mi pé oògùn náà máa ń ta ènìyàn lọ́wọ́. Mo mọ̀ ọ́n. N kò sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, bí èrò tó dé ojú títì, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé hóró yìí kúrò níwájú mi láìjẹ́ pé mo sọ ohun tí yóò ṣe sí i. Bí nọ́ọ̀sì tàbí apòògùn kò bá sọ fún yín, ẹ má ṣe dìde. Ẹ bi í pé, "Kí ni oògùn yìí yóò ṣe sí mi lára? Èwo ni kí n fara dà, èwo ni kí n sáré wá sọ?" Ẹ̀tọ́ yín ni.

ÀWỌN TÓ GBỌ́DỌ̀ SỌ̀RỌ̀ KÍ WỌ́N TÓ GBÀ Á

Ẹ sọ fún dókítà bí ara yín bá ti yọ sísú tàbí tí ó wú rí nígbà tí ẹ lo Septrin, Fansidar tàbí irú oògùn bẹ́ẹ̀, nítorí ẹbí kan náà ni wọ́n jẹ́ pẹ̀lú oògùn yìí. Ẹ sọ fún un bí ẹ bá ní àìsàn kíndìnrín, àìsàn ẹ̀dọ̀, tàbí àtọ̀gbẹ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS tàbí SC gbọ́dọ̀ sọ ọ́, nítorí oògùn yìí lè dá wàhálà sílẹ̀ fún un. Obìnrin tó lóyún tàbí tó ń fún ọmọ lọ́mú gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò nílé dání, kí dókítà rí wọn, pàápàá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀. Ẹ má ṣe máa gbé aspirin mì léraléra pẹ̀lú rẹ̀ nítorí ẹ̀fọ́rí tàbí oríkèé ríro. Àwọn méjèèjì lè ba ara wọn jà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí dókítà ọkàn bá ti ní kí ẹ máa lo aspirin kékeré lójoojúmọ́, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí dókítà ojú gbọ́.

ÀMÌ TÓ YẸ KÍ Ẹ SÁRÉ SÍ

Ọwọ́ títa, ìtọ̀, àti ẹnu tí kò tọ́ nǹkan wò dáadáa, ìwọ̀nyí ni a lè fara dà títí di ọjọ́ tí a óò rí dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lo hóró mìíràn, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí:

Bí ara bá yọ sísú, tí awọ ń bó, tàbí tí egbò yọ nínú ẹnu àti ojú. Bí ibà àti ọ̀nà ọ̀fun dídùn bá dé, tí ara sì ń pọ́n tàbí tí ó ń dúdú bí ẹni tí wọ́n nà, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà láìnídìí. Bí ìhà tàbí ẹ̀yìn bá ń ro yín kíkankíkan, tí ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú ìtọ̀. Bí mímí bá ń yára tí ó sì jinlẹ̀ láìṣe pé ẹ sáré, tàbí tí ẹni náà ń sọ ìsọkúsọ. Bí ìríran bá ṣú lójijì.

NÍPA LÍLÒ RẸ̀ NÍNÚ ILÉ

Ẹ máa jẹun sí i, kí inú má baà run. Ẹ máa mu omi dáadáa, àyàfi bí dókítà bá ti ní kí ẹ dín omi kù nítorí àìsàn ọkàn tàbí kíndìnrín. Bí ti alẹ́ bá ń dí oorun lọ́wọ́, ẹ bi dókítà bóyá ẹ lè lò ó ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ má ṣe wa ọkọ̀, ẹ má sì dúró ti epo gbígbóná bí ó bá ń mú yín tòògbé. Bí ẹ bá gbàgbé ẹ̀ẹ̀kan, ẹ má ṣe lo méjì pọ̀. Bí wọ́n bá fún yín ní oògùn tí ẹ ń kán sójú pẹ̀lú rẹ̀, hóró kò rọ́pò rẹ̀. Àfi bí dókítà bá sọ ọ́, àwọn méjèèjì ni kí ẹ máa lò.

Ẹ má ṣe fi hóró yín ta aládùúgbò lọ́rẹ nítorí pé ojú ń dùn ún. Ẹ má ṣe kán ìtọ̀, omi ọmú tàbí omi ewé sí ojú. Oògùn ojú tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ tó ń mú kí ojú pípọ́n lọ kíákíá, ẹ ṣọ́ra fún un: steroid ń bẹ nínú ọ̀pọ̀ wọn, lílò rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ sì lè mú ìfúnpọ̀ ojú ga, kí ó sì fa glaucoma fún ẹni tí kò ní in.

Ohun ìkẹyìn: àìsàn yìí máa ń rìn nínú ẹbí. Bí bàbá tàbí ìyá bá ní in, kí gbogbo ọmọ àti ọmọ ìyá rẹ̀ lọ yẹ ojú wò, kí wọ́n má sì dúró de ìgbà tí ojú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pé 40 ọdún, kí òun náà lọ. Kò dunni, kò sì gba ọjọ́ kan.

Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tí ìyá aláṣọ òkè ṣe. Mo kọ ìwé fún un, ó padà sọ́dọ̀ dókítà ojú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n dín hóró rẹ̀ kù láti mẹ́rin sí méjì lójúmọ́, wọ́n fi oògùn ìkánsójú kún un, wọ́n sì fún un ní ọjọ́ tí yóò padà wá kí wọ́n lè wọn ojú náà. Ní Ọjọ́bọ̀ ó yà kí mi. Mo ní, "Ìyá, ọwọ́ ńkọ́?" Ó ní, "Ó ṣì ń ta mí díẹ̀, Nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran." Ó gbé páálí oògùn rẹ̀ sínú àpò, ó sì gba ọjà lọ.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ tọ́jú ojú yín, ẹ sì bá mi tọ́jú ti àwọn àgbà ilé.